Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì àlòkù tó kọ̀ tí kò fẹ́ kú: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Búrẹ́dì, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ilé búrẹ́dì ni mo ní, ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo níbí. Nígbà tí owó bẹntiróòlù fẹ́ gba gbogbo èrè lọ́wọ́ wa, a lọ ra jẹnẹrétọ̀ dísẹ́lì kan l'Ékòó. Ẹni tó tà á fún wa sọ pé inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí wọ́n tó so ó mọ́ dáínámò. Onísílíńdà mẹ́rin ni, ó ti dàgbà gan-an, wọ́n sì ti ha orúkọ ara rẹ̀ dànù. Ó ń yí ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun wa, ó ń tan iná, kò yọ wá lẹ́nu.

Pípa rẹ̀ ni wàhálà. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ la fi ń pa á. Bọ́tìnnì dúdú kan ló wà tí a máa ń fà, wáyà rẹ̀ lọ bá pọ́ǹpù. Tẹ́lẹ̀, bí a bá ti fà á báyìí, ó ti kú. Nígbà tó yá, ó di ká fà á ká dì í mú, kó máa wúkọ́ kó tó dákẹ́. Ní báyìí, a lè fà á títí ọwọ́ á fi máa dun èèyàn, kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lálẹ́ àná, ọmọ iṣẹ́ mi ló lọ ti kọ́kì ìdí táǹkì. Ó ṣì ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò jí mọ́, àfi ìgbà tí mẹkáníìkì dé.

Ẹnì kan ní ká lọ fi solenoid sí i, ìyẹn ohun tó ń fi iná bátìrì ṣí epo tàbí tì í. Ẹlòmíràn ní ká pààrọ̀ pọ́ǹpù, iye tó sì pè é, ẹnu mi ò gbà á. Ọ̀nà wo la máa gbé e gbà? Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún kì í jẹ ọ́ìlì rárá o. Bí mo bá yọ géèjì wò, ńṣe ló tún ń lọ sókè.

Ríwáyà Ọláìyá

Ẹ kú ọrọ̀ ajé, mọ́mì. Ẹ ò tíì nílò solenoid, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Èmi tí mò ń tà á ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì ò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Písítìn ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi gbóná janjan, tí nọ́sù bá wá fọ́n dísẹ́lì sí i, ó gbiná fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ ò fi ní nǹkan kan ṣe lórí èyí tó ń lo wáyà fífà. Ọ̀nà méjì péré la lè gbà pa á: ká dí epo mọ́ ọn, tàbí ká dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Kẹ́nikẹ́ni má sì tìtorí pé ó kọ̀ kó lọ tú bátìrì nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ò ní kú, alternator tó ń fi iná sí bátìrì ló máa jóná.

Mẹkáníìkì Ọ̀nà Ìkìrun

Òótọ́ ni Ríwáyà sọ. Mọ́mì, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ má gbé ẹrù iná kankan lé e. Lára pọ́ǹpù tó ń pín dísẹ́lì fún àwọn nọ́sù, ẹ máa rí lífà kéékèèké méjì. Ọ̀kan ni ti eré. Èkejì ni wáyà bọ́tìnnì dúdú yẹn so mọ́. Kí ọmọ iṣẹ́ yín fi ìka ti èkejì yìí títí dé ibi tí kò ti lè lọ mọ́.

Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pọ́ǹpù yín ò ṣàìsàn, láàárín bọ́tìnnì àti lífà ni àrùn wà. Tí lífà bá dé òpin tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, nígbà náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá sọ̀rọ̀ pọ́ǹpù. Ẹni tó bá pe owó pọ́ǹpù láì ti lífà yẹn wò, owó ló ń wá, kì í ṣe àrùn.

Onípákó

Wáyà ló sábà máa ń jẹ́. Irú rẹ̀ pọ̀ ní sọ́míìlì tiwa. Mọ́mì, ẹ wo kílípù tó di èèpo wáyà yẹn mú nítòsí pọ́ǹpù. Tí kílípù yẹn bá tú, èèpo àti inú wáyà á jọ máa rìn ni, lífà ò ní lọ ju ìdajì lọ. Lójú ẹni tó ń fa bọ́tìnnì, ó ti fà á tán. Dísẹ́lì díẹ̀ á ṣì máa kọjá, ìyẹn ló ń fa ikọ́ tẹ́ ẹ sọ yẹn.

Ìpata inú èèpo náà lè mú un. Ẹ tú u, ẹ gbé e kọ́ sókè, ẹ máa kán ọ́ìlì tó ṣàn sí i láti orí títí á fi máa jò nísàlẹ̀. Ẹ má fi gírísì sí i, ó máa ń dì ni. Tó bá ti ń fọ́n ní orí, ẹ ra tuntun. Àwọn kan ń fi wáyà kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà rọ́pò rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ fífà nìkan ni wáyà yẹn mọ̀, kò lè ti nǹkan padà. Sípíríǹgì tó ń dá lífà padà gbọ́dọ̀ le dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa pa á lálẹ́, kò sì ní jí láàárọ̀, ẹ ó sì máa rò pé nọ́sù ló bàjẹ́.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́rọ, Ọjà Ọba

Ṣé kò ní lífà tó ń ṣí fáàfù lókè ni? Lister tí a fi ń lọ ata àti èlùbọ́, èyí tó ń lo omi dúrọ́ọ̀mù, tó bá ti ń ṣorí kunkun, a kàn ń gbé lífà yẹn sókè ni. Kíá ló ń kú.

Bàbá Máṣíìnì Tuùlù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àbúrò, lífà tó ń ṣí fáàfù wà fún títan ẹ́ńjìnnì ni, kó lè rọrùn láti yí i lọ́wọ́. Bó o bá fi pa á, pọ́ǹpù ò mọ̀, á ṣì máa fọ́n dísẹ́lì sínú sílíńdà tí kò jó mọ́. Dísẹ́lì yẹn ló máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Lister rẹ ní ibi tí wọ́n ti ń ti epo rẹ̀ pa ní ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù. Ibẹ̀ ni kó o máa lò. Onísílíńdà mẹ́rin bíi ti Ìyá Búrẹ́dì kì í sábà ní lífà fáàfù yẹn rárá.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló mú mi kọ̀wé. Ìyá Búrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnnì yẹn fún àyẹ̀wò kankan. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dáhùn ló sáré kọjá gbólóhùn tí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ wọn. Ọ́ìlì kì í bímọ. Tó bá ń lọ sókè lórí géèjì tí ẹnikẹ́ni ò bu sí i, nǹkan mìíràn ló ń wọ ibẹ̀. Omi ni tàbí dísẹ́lì.

Tó bá jẹ́ omi, ọ́ìlì á funfun bí ẹ̀kọ mímu. Tí kò bá funfun, tó kàn ṣàn ju bó ṣe yẹ lọ, dísẹ́lì ni. Ẹ yọ géèjì, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun, ẹ fi sílẹ̀. Tí dísẹ́lì bá wà nínú rẹ̀, ẹ máa rí i tí òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á tàn yí àmì dúdú àárín ká.

Ibi tí dísẹ́lì sábà máa ń gbà wọlé nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yìí ni pọ́ǹpù kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń fa dísẹ́lì wá láti táǹkì. Irú Perkins 4.108, onílítà 1.76, tó kún inú àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké nígbà kan rí, ní irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Rọ́bà yẹn nìkan ló dúró láàárín dísẹ́lì àti ọ́ìlì. Bó bá ya, dísẹ́lì á máa sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì nígbàkígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí táǹkì bá sì ga ju ẹ́ńjìnnì lọ, á máa sọ̀ kalẹ̀ lóru pàápàá. Ẹ tú pọ́ǹpù kékeré náà kúrò lára ẹ́ńjìnnì láì tú páìpù tó ń fún un ní dísẹ́lì, ẹ máa fi ọwọ́ tẹ apá rẹ̀. Tí dísẹ́lì bá ń jáde níbi apá rẹ̀ tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ ti rí ọ̀daràn. Tó bá gbẹ, kí mẹkáníìkì wo síìlì iwájú pọ́ǹpù ńlá, òun náà lè jẹ́ kí dísẹ́lì wọ ibi jíà.

Ìdí tí mo fi ń pariwo rèé: ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì rẹ̀ ti pọ̀ jù, tó sì ti ṣàn, lè bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì ara rẹ̀ gba páìpù tó fi ń mí. Ọjọ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè ti gbogbo kọ́kì, kẹ́ ẹ gé gbogbo wáyà, kò ní kú. Eré rẹ̀ á máa ga sí i ni, títí ọ́ìlì á fi tán tàbí títí irin á fi fò jáde.

Ìyá Búrẹ́dì, Òkè-Baálẹ̀

Bàbá, ẹ ṣeun o. Mo lọ yọ géèjì náà ní kété tí mo kà á tán. Kò funfun, àmọ́ ó ń rùn dísẹ́lì, ó sì ń ṣàn lára géèjì bí ẹni pé kì í ṣe ọ́ìlì. Ó ti kọjá àmì òkè dáadáa. Mo ti ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Táǹkì wa sì ga o, orí pákó la gbé e sí kó lè máa ṣàn dáadáa.

Ẹ̀rù ti bà mí báyìí. Tó bá ṣẹlẹ̀ bí ẹ ṣe sọ, kí la máa ṣe níbẹ̀?

Ọmọ Òṣogbo l'Ẹ́pẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Àlékùwodò ni ilé wa, àmọ́ ọkọ̀ tó ń wa yanrìn ní Ẹ́pẹ̀ ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Ti ẹ́ńjìnnì tó sá lọ báyìí, afẹ́fẹ́ lẹ máa dí mọ́ ọn. Ẹ gé pákó plywood tó nípọn, kó fẹ̀ ju ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lọ, ẹ lẹ rọ́bà táyà inú mọ́ ọn lójú kan. Ẹ so ó kọ́ sára ògiri nítòsí ẹ́ńjìnnì, kó má kúrò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe pátákó àkàrà. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá wà nítòsí á gbé e lé ẹnu yẹn, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò ní pẹ́ kú.

Kẹ́nikẹ́ni má fi ọwọ́ dí i. Agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ lè gba ọwọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Àkísà náà kò dáa, ó máa ń gbé e mì. Tí fítà afẹ́fẹ́ bá bo ẹnu náà, ẹ ti rí i nìyẹn pé kò sí àyè láti máa wá sípánà nígbà yẹn. Ẹ lo irú fítà tó ń fi ọwọ́ ṣí. Panápaná oní-CO2 tẹ́ ẹ bá fọ́n sí ẹnu rẹ̀ náà máa pa á, kò sì ní ba inú rẹ̀ jẹ́; èyí tó jẹ́ oní-lẹ́búlẹ́bú, ẹ̀yìn odi ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má dúró síbi tí fláíwíìlì, kẹ̀kẹ́ irin ńlá tó ń yí yẹn, kọjú sí. Tí eré bá ti ga ju ohun tí etí lè gbà, ẹ fi sílẹ̀, ẹ sá jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá súnmọ́ ibi bríkà iná, kó já a bó ṣe ń sá lọ. Jẹnẹrétọ̀ tó yẹ kó máa yí ní ìgbà 1500 láàárín ìṣẹ́jú kan kó lè fún yín ní 50 Hz, tó bá lọ sí 2000, ó ti di nǹkan bíi 67 Hz nìyẹn, fóltéèjì náà á sì ga. Ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun yín ò ní gbà á.

Lójú omi, ẹ́ńjìnnì Detroit Diesel ti 71 Series ní ìdérí irin kan níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, nítorí irú ọjọ́ báyìí. Pàjáwìrì nìkan ló wà fún. Àwọn tó ń fi í pa ẹ́ńjìnnì lójoojúmọ́ máa ń ba síìlì blower, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, jẹ́.

Oníẹja Tútù, Ìgbónà

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Tèmi náà jẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ ló ní. Tí mo bá yí i, nígbà mìíràn ó máa kú, nígbà mìíràn kò ní kú. Òṣogbo tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà náà ni mo ń gbé o, síbẹ̀ ẹja mi ò lè dúró láìsí jẹnẹrétọ̀.

Ríwáyà Ọláìyá

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ dé ọwọ́ mi wàyí. Solenoid tiyín lè jẹ́ irú méjì, ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Irú kan wà tí iná bátìrì ló ń ṣí epo sílẹ̀: tí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kú. Irú kejì, iná bátìrì ló ń pa á: tí kò bá rí iná, kò ní kú láéláé. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fa wáyà kékeré orí solenoid yọ. Tó bá kú, irú àkọ́kọ́ ni. Tó bá ń lọ, irú kejì ni.

Tó bá jẹ́ irú àkọ́kọ́, ẹ fi mítà kan orí solenoid lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́ padà. Tí iná bá ṣì wà níbẹ̀, ọ̀ràn wà lọ́dọ̀ kọ́kọ́rọ́, tàbí rélè tó lẹ̀ mọ́ra, tàbí iná tó ń gba ẹ̀yìn wá láti ara alternator. Tìkẹyìn yìí ló máa ń da àwọn ọmọ iṣẹ́ láàmú, nítorí pé tí ẹ́ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́, gbogbo nǹkan á dà bí ẹni pé ó dáa. Diode kan, ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, lójú ọ̀nà wáyà yẹn ló ń tún un ṣe. Tí iná ò bá sí níbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń rọra lọ, ẹ tú solenoid wò. Ìdọ̀tí ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kó jókòó.

Tó bá jẹ́ irú kejì, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì, kí mítà wà lórí solenoid. Bátìrì 12 V yẹ kó fi nǹkan tó súnmọ́ 12 hàn. Tí kò bá fi nǹkan kan hàn, ẹ wá físù tàbí wáyà tó já. Tó bá fi 7 tàbí 8 hàn, ẹ fọ ojú eàtì, ìpata wà níbẹ̀. Tí iná bá pé tí kò fọhùn, ó ti jóná tàbí ó ti lẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì tẹ bọ́tìnnì náà títí o, kì í pẹ́ jóná. Ẹ tún wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó ra tuntun: ti 24 V àti ti 12 V jọra, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọmọ Òṣogbo l'Ẹ́pẹ̀

Àfikún díẹ̀: irú kejì yẹn pọ̀ lójú omi, ó sì nídìí. Ta ló fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú láàárín ọ̀sà nítorí pé físù kan já? Wọ́n fẹ́ kó máa gbé wọn lọ sílé láìsí iná rárá. Àmọ́ ní ilé ẹja, tẹ́nikẹ́ni ò sí nítòsí lóru, irú àkọ́kọ́ ló dáa jù lójú tèmi.

Mẹkáníìkì Ọ̀nà Ìkìrun

Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ. Ìdánwò lífà tí mo ní kí mọ́mì ṣe, lẹ́yìn tí ọ́ìlì bá ti di tuntun ni kí wọ́n ṣe é.

Tí lífà bá dé òpin tí kò kú, irú pọ́ǹpù CAV DPA tó wà lára ọ̀pọ̀ tírákítọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ ní fáàfù kan nínú tó ń yí láti díwọ̀n epo. Ìdọ̀tí àti omi inú dísẹ́lì máa ń mú un lẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdánwò pọ́ǹpù ni kó tú u, kì í ṣe abẹ́ igi. Dísẹ́lì tẹ́ ẹ bá sì rà, ẹ jẹ́ kó jókòó nínú dúrọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó fà á, ẹ má fa ti ìdí.

Ti kọ́kì tẹ́ ẹ tì: fítà àti páìpù ṣì ní dísẹ́lì nínú, òun ló jó tán kó tó kú, afẹ́fẹ́ sì gba ipò rẹ̀. Láti jí i, ẹ kọ́kọ́ yọ afẹ́fẹ́ lórí fítà, lẹ́yìn náà lára pọ́ǹpù, ìgbẹ̀yìn ni orí àwọn nọ́sù. Tẹ́ ẹ bá fo ọ̀kan, ẹ máa pa bátìrì lásán.

Ìyá Búrẹ́dì, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mẹkáníìkì wá, mo sì jókòó tì í. Rọ́bà pọ́ǹpù kékeré náà ti ya láti etí kan dé àárín. A ti fi tuntun sí i, a da ọ́ìlì àtijọ́ sílẹ̀, a pààrọ̀ fítà ọ́ìlì pẹ̀lú, nítorí ó ní dísẹ́lì wà nínú ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà la ti lífà. Ó kú lójú ẹsẹ̀! Kílípù Onípákó ló tú bó ṣe wí gẹ́lẹ́; tá a bá fa bọ́tìnnì, gbogbo wáyà ló ń rìn. Ẹni tó pe owó pọ́ǹpù ò tíì pè mí padà.

Plywood ti wà lára ògiri. A sì ti sọ táǹkì kalẹ̀ díẹ̀.

Ó ku ọ̀kan: ọ́ìlì tí dísẹ́lì ti dà pọ̀ mọ́ yìí, ó kún kẹ́ẹ̀gì ńlá. Ọmọ iṣẹ́ mi ní ká dà á sí gọ́tà.

Bàbá Máṣíìnì Tuùlù

Ẹ má dà á sí gọ́tà o. Gọ́tà yẹn ń lọ sódò. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù máa ń fi kun ìmọ́ọ̀dù wọn kí síméǹtì má lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fún wọn. Ẹ jìnnà sí iná tẹ́ ẹ bá ń gbé e.

Onípákó

Èmi ni kẹ́ ẹ fún, mà. A máa ń kun pákó òrùlé nítorí ikán, dísẹ́lì inú rẹ̀ tún jẹ́ kó wọnú igi dáadáa. Ọmọkùnrin mi máa wá gbé e lọ́la pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Ẹ sọ fún un bí ẹ bá fẹ́ kẹ́ẹ̀gì yín padà.